Ìwé Ìbéèrè, Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí Àkọsílẹ̀ Àtijọ́: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Ìwádìí fún Olùwádìí Tuntun ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ọdún àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ pinnu ni ohun èlò tí yóò fi ṣe ìwádìí. Ó ti mọ̀ pé ìwé ìbéèrè ni òun yóò pín, ó tilẹ̀ ti mọ iye tí òun yóò tẹ̀, kí ó tó mọ ohun tí òun fẹ́ mọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ṣáájú rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ wọn sì wà ní yàrá ìkàwé, ó wá dà bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yàn dáadáa gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè fún un, ohun tí kò lè fún un, àti ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ìfiwéra náà má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ òfìfo, ẹ jẹ́ kí a mú kókó kan ṣoṣo, kí a sì gbé e fún ọ̀nà márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kókó náà ni òwò ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ìlú etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́, Ọjà Olúwo sì ni ọ̀pọ̀ ará Èkó fi mọ̀ ọ́n, níbi tí ẹpìyà, àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti edé ti ń kúrò lọ́wọ́ apẹja bọ́ sọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, kí alájàpá tó gbé wọn lọ sí ọjà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lè kọ “òwò ẹja ní Ẹ̀pẹ́” sí ẹ̀yìn ìwé wọn kí ìbéèrè wọn má sì jọra rárá. Ọ̀kan fẹ́ mọ iye nínú àwọn ẹlẹ́ja tí ń yá owó láti fi ra ọjà. Èkejì fẹ́ mọ ìdí tí ẹlẹ́ja kan fi ń ta àwìn fún oníbàárà kan, tí kì í sì í ta á fún òmíràn. Ẹ̀kẹta fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ń wá bí Ẹ̀pẹ́ ṣe di ibùdó òwò pàtàkì ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀karùn-ún sì fẹ́ mọ̀ bóyá irú ààrò ìyanja kan ń jẹ igi ìdáná ju irú kejì lọ.

Ìwé ìbéèrè

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ni ìwé ìbéèrè lè dáhùn, nítorí iye ló ń wá. Agbára ọ̀nà yìí ni pé ìbéèrè kan náà ni a bi gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, tí a fi lè ka ìdáhùn wọn, kí a sì fi ti ẹni tí ń ta ẹja tútù wé ti ẹni tí ń ta ẹja yíyan. Ìwọ̀n onípele márùn-ún tí a mọ̀ dunjú, èyí tí ó lọ láti “mo fara mọ́ ọn gidigidi” dé “n kò fara mọ́ ọn rárá”, jẹ́ ohun tí Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1932 láti fi wọn èrò ènìyàn. Ó wúlò fún èrò. Kò wúlò fún ohun tí ó ṣeé kà ní tààrà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni mo ti rí tí wọ́n ti béèrè bóyá olùdáhùn “fara mọ́ ọn” pé òun ń yá owó, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n béèrè bóyá ó yá owó ní oṣù tó kọjá, àti lọ́wọ́ ta ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ iye ènìyàn tí wọn yóò bi. Ìṣirò tí a máa ń lò jù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ti onímọ̀ ìṣirò kan tí ń jẹ́ Taro Yamane, tí a ń kọ báyìí: n = N ÷ (1 + N × e²). N ni iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, e ni ìwọ̀n àṣìṣe tí a lè gbà, tí ó sábà máa ń jẹ́ 0.05, n sì ni iye àwọn tí a ó bi ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 181,409 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba iye náà, èyí tí òun sì kà ní ọdún kan náà jẹ́ 323,634. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àkọ́kọ́ sínú ìṣirò Yamane, a ó rí 399.1, bí a bá sì fi èkejì sí i, a ó rí 399.5. Irínwó ènìyàn ni méjèèjì bí a bá sún wọn sókè. Bí ó bá sì jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,000 péré ni, 286 ni yóò jẹ́.

Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé bí àwọn ènìyàn ìlú ṣe pọ̀ tó kì í ṣe ohun tí ó ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ṣe dára tó. Bí a ṣe yan irínwó náà ni ọ̀ràn wà. Ìṣirò yẹn gbà pé olúkúlùkù ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú àṣàyàn wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọjà Olúwo ní ọ̀sán, tí ó ń fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí i ní ìwé, àwọn tí ọjà wọn kò yá ní ọjọ́ náà ni yóò pọ̀ jù nínú àwọn olùdáhùn rẹ̀, àwọn alájàpá tí wọ́n ti gbé ẹja lọ ní àárọ̀ kùtù kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Kò sí ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí ó lè tún èyí ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tí ó sàn ni kí ó lọ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, kí ó tọrọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì fi ìbò yan nínú wọn. Bí kò bá sí ìwé orúkọ, kí ó ka àwọn ìsọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ó sì máa dúró ní ìsọ̀ karùn-ún karùn-ún, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ tí ọjà kún àti ní ọjọ́ tí kò kún.

Àìlera ìwé ìbéèrè ni pé kì í sọ ìdí. Ó lè sọ fún wa pé ìdajì àwọn ẹlẹ́ja ń yá owó, kò sì ní sọ ohun tí gbèsè náà jẹ́ fún wọn. Ẹni tí kò mọ olùwádìí rí sì lè rò pé owó-orí ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sọ pé òun kò yá kọ́bọ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ kejì, tí ń béèrè nípa àwìn, yẹ kí ó wà. Kò sí bí ìwé ìbéèrè ṣe lè gba ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí olùwádìí kò tíì mọ àwọn ìdáhùn tí yóò tò sílẹ̀ fún ènìyàn láti mú nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá, ó lè jẹ́ pé ìyá oníbàárà náà ti bá ìyá ẹlẹ́ja ṣòwò rí, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àjọ tàbí ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Àfi kí a jókòó tì wọ́n, kí a sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí ó ṣe wà lọ́kàn wọn.

Ìbéèrè tí àwọn olùyẹ̀wò iṣẹ́ kì í yé béèrè ni pé, ènìyàn mélòó ló tó? Níhìn-ín, ìṣirò Yamane kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí i nínú Orí Kẹta, níbi tí a ti ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí, nínú iṣẹ́ tí ó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pátápátá. Òdiwọ̀n tí a ń lò ni pé kí a máa bá a lọ títí a ó fi dé ibi tí olùdáhùn tuntun kò ti mú ohun tuntun wá mọ́. Ìwádìí kan tí Guest, Bunce àti Johnson gbé jáde ní ọdún 2006 yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọgọ́ta tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kókó tí ó jáde ti hàn láàárín méjìlá àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ méjìlá di òfin: àwọn obìnrin yẹn jọra wọn ní ohun púpọ̀, kókó tí wọ́n ń wádìí sì ṣe pàtó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ fi apẹja, ìyá ẹlẹ́ja àti alájàpá wé ara wọn, ó yẹ kí ó ronú nípa iye fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ohun tí ọ̀nà yìí ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn pọ̀ ju bí ó ti hàn lójú lọ. Wákàtí kan ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè gba odidi ọjọ́ kan láti tẹ́tí sí, kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ tán. Ó tún gba ìwà. Ẹni tí yóò bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ṣe ìkíni láìmú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó ṣàlàyé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti wá àti ohun tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí ó sì gba ọjọ́ tí ó bá ìyá lára mu, nítorí pé àkókò tí ẹja ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kì í ṣe àkókò ìtàkùrọ̀sọ. Àìlera rẹ̀ hàn gbangba: kò ní sọ iye. Ẹni tí ó bá bá ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀rọ̀, tí ó wá kọ ọ́ pé “ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́” ń ṣe nǹkan kan, ti sọ ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ.

Àkíyèsí

Bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ẹja, ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, yóò sọ pé “ọjà ló ń sọ iye”, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi gbé ẹja náà wò, ojú tí ó wò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ dárúkọ owó àti ẹni tí ó dákẹ́, àfi ẹni tí ó wà níbẹ̀ ló lè rí wọn. Bronislaw Malinowski, tí ó gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand láàárín ọdún 1915 sí 1918, ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ àwùjọ gbà pé ó yẹ kí olùwádìí pẹ́ láàárín àwọn ènìyàn, kí ó sì gbọ́ èdè wọn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti ní èdè náà tẹ́lẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ohun tí ó ti mọ́ ọn lójú láti kékeré lè má hàn sí i mọ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, àní èyí tí ó dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀nà yìí gba àkókò jù gbogbo wọn lọ, n kò sì lè gba ẹni tí ó ní oṣù mẹ́ta péré nímọ̀ràn láti dá a gbé.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu

Akẹ́kọ̀ọ́ kẹrin, tí ń wá ìtàn òwò Ẹ̀pẹ́, ní ohun èlò méjì níwájú rẹ̀, àríyànjiyàn lórí èyí tí ó yẹ kí ó gbára lé sì ti pẹ́. Ohun tí àkọsílẹ̀ lè fún un ni ọjọ́, orúkọ àti ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Bìrìtìkó ní Èkó, ó gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú, a sì gbà pé Palma àti Lẹ́kí jẹ́ èbúté rẹ̀. Ọdún 1862 ni ó padà sí Èkó. Àwọn ìwé tí àwọn aṣojú Bìrìtìkó kọ ní àkókò náà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Fún ìgbà ìjọba amúnisìn tí ó tẹ̀lé e, Ilé Àkójọ Ìwé Orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀pẹ́ kọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ àwọn ìwé wọ̀nyí, ta sì ni ó kọ wọ́n sí? Campbell ń kọ̀wé sí ìjọba tí ó lé Kòsọ́kọ́. Ohun tí ó ká a lára ni òwò ẹrú, epo pupa àti àlàáfíà ọ̀nà ọ̀sà. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìwé nìkan, yóò kọ ìtàn Ẹ̀pẹ́ tí kò ní ará Ẹ̀pẹ́ nínú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ní ohun tí ìwé kò ní. Ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, apá ìlú tí ó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ wá, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún Kayokayo ní ìrántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí Kòsọ́kọ́ tó dé, ní ìtàn tiwọn nípa ẹni tí ó gba àlejò àti bí ilẹ̀ ṣe di pínpín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, pàápàá ní ìlú tí ó ní apá méjì báyìí. Jan Vansina, tí ó ṣe ìwádìí ní Áfíríkà Àárín Gbùngbùn, ni ó tẹnu mọ́ ọn láti ọdún 1961 pé ìtàn ẹnu lè jẹ́ ẹ̀rí bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìlànà: ta ni ó sọ ọ́, lọ́wọ́ ta ni ó ti gbọ́ ọ, kí sì ni sísọ rẹ̀ ń ṣe fún ìdílé rẹ̀ lónìí. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Saburi Bíòbákú so ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé àwọn aṣojú Bìrìtìkó pọ̀ nígbà tí ó ń kọ ìtàn àwọn Ẹ̀gbá. Ọ̀nà tí ó gbà yẹn ni mo fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kẹrin. Ìwé ni kí ó fi di ọjọ́ mú, ẹnu àgbà ni kí ó fi mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó má sì fi ìkankan bo èkejì mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ta kora. Ìtakora náà gan-an lè jẹ́ orí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò

Èyí kò ní pẹ́. Bí ìbéèrè bá jẹ́ “ṣé èyí ló fa ìyẹn?”, ìdánwò ló lè dáhùn rẹ̀ tààrà. Ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1969 tí wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra pè, ni a lè fi wé ààrò tí wọ́n fi àgbá irin ṣe. A ó lo irú ẹja kan náà àti igi kan náà, a ó sì fi ìbò pinnu ẹja tí yóò lọ sínú ààrò wo, gẹ́gẹ́ bí Ronald Fisher ti fi kọ́ àwọn olùwádìí oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ojúsàájú má baà wọlé. A ó wọn igi tí a lò àti wákàtí tí ó gbà, a ó sì tún un ṣe ní ìgbà púpọ̀. Àbájáde rẹ̀ ṣe kedere. Ohun tí kò ní sọ ni ìdí tí ìyá kan tí ó mọ̀ pé ààrò tuntun dára fi ń lo ti àtijọ́, nítorí ọ̀rọ̀ owó ààrò, ilẹ̀ tí a ó gbé e sí àti adùn ẹja lẹ́nu oníbàárà kò sí nínú ìdánwò náà.

Ewu tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé dání

Ìlànà tí ìgbìmọ̀ kan gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979, tí a mọ̀ sí Belmont, sọ ohun mẹ́ta: kí a bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí a ṣe é lóore láìpa á lára, kí a sì pín àǹfààní àti ìnira ìwádìí bí ó ti tọ́. Gbogbo ọ̀nà tí a ti sọ ni èyí kàn, àmọ́ kò kàn wọ́n bákan náà. A lè gba ìwé ìbéèrè láìkọ orúkọ sí i. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn ènìyàn jẹ́ orúkọ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ìyá ẹlẹ́ja tí ó sì sọ iye gbèsè rẹ̀ lè di ẹni ẹ̀sín bí ọ̀rọ̀ náà bá padà dé ọjà. Nínú àkíyèsí, ó rọrùn láti máa kọ nípa ẹni tí kò mọ̀ pé a ń kọ òun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní tirẹ̀ lè di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè, nítorí náà olùwádìí gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé a ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọjà.

Bí mo ṣe máa yàn

Fún ẹni tí ń ṣe oyè àkọ́kọ́, tí ó ní ìdajì ọdún tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, èmi yóò gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò díẹ̀ dáadáa ju kí ó pín irínwó ìwé tí kò mọ bí ó ṣe yan àwọn tí ó gbà wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ìbéèrè rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹni tí ń ṣe oyè kejì lè so méjì pọ̀, ètò tí yóò sì fi wọ́n sí ṣe pàtàkì. Bí kò bá mọ ohun tí ó wà nílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, kí ó sì fi èdè tí wọ́n fi dáhùn kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀. Bí iye bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì yà á lẹ́nu, kí ó fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wá ìdí rẹ̀. Nínú Orí Kẹta, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ó sọ ìdí tí ọ̀nà tí ó yàn fi bá a mu, kí ó sì dárúkọ ọ̀nà kan tí ó fi sílẹ̀ àti ohun tí ó pàdánù nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ìbéèrè náà lọ bá ẹlẹ́ja díẹ̀ ní ọjà mìíràn, kí ó kà á fún wọn sókè ní Yorùbá, kí ó sì ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n ti ní kí ó tún un sọ. Ibi wọ̀nyẹn ni yóò tún kọ kí ó tó dé Olúwo, kò sì gbọdọ̀ ka ìdáhùn àwọn wọ̀nyí mọ́ ti iṣẹ́ gan-an.